Lorna àti Kẹ́tùrù Wọ́ọ̀dù Wa

Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ ní wọ́ọ̀dù mi ti gboyè yunifásítì kan tẹ́lẹ̀, inú mi ò dùn. Mo ti rí irú wọn rí. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ tí àwa fi mẹ́ta kọ́, nítorí pé orí wọn ti mọ ìwé, wọ́n sì máa ń béèrè ìdí ohun gbogbo, kódà nígbà tó bá jẹ́ pé ike ìtọ̀ lásán la ní kí wọ́n gbé wá. Ẹ má bínú, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi ni Sístà Bewick, ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù, ní ilé ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí South Shields ní ilẹ̀ England. Inú mi kì í pẹ́ bí, kì í sì í pẹ́ rọ̀.

Lorna Tweddle lorúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ọmọ ìlú wa ni. Ilé tí wọ́n bí i sí kọjú sí ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbé èrò kọjá odò Tyne. Ìmọ̀ ìtàn ló lọ kà ní yunifásítì. Nígbà tó padà wálé, ó gba iṣẹ́ ní ilé ìkówèésí àdúgbò, ó sì wà níbẹ̀ títí irun rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ẹ mọ irú ilé ìkówèésí bẹ́ẹ̀. Ìdajì àwọn tó ń wọ ibẹ̀ kì í yá ìwé, ooru ni wọ́n ń yá. Àwọn arúgbó tí kò fẹ́ tan iná amúlémóoru nílé wọn á wá jókòó ti ìwé ìròyìn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lorna mọ gbogbo wọn, ó mọ àga oníkálukú. Bí ẹnì kan bá pa ọjọ́ jẹ, Lorna á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bá bàbá kan nílẹ̀ ilé ìdáná rẹ̀, tí eegun itan rẹ̀ ti dá. Lorna fi kóòtù ara rẹ̀ bò ó, ó pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn, ó sì gbé kẹ́tùrù kaná. Ìgbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ fi máa dé, tíì ti wà nílẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn mu tíì náà tán, ó wo Lorna, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ̀ ń ṣe níbi ìwé yẹn?" Kò sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn Lorna mọ́. Nígbà tí ìjọba ìbílẹ̀ ti ilé ìkówèésí pa lọ́dún kejì, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá iṣẹ́ lọ́fíìsì, ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lòun kọ̀wé sí. Ó ti lé lógójì ọdún nígbà náà.

Ìwé ò ni ín lára. Ó ya ọkàn àti gbogbo iṣan rẹ̀ sára ògiri yàrá rẹ̀, ó ń wò ó tó bá ń fọ eyín. Àwọn tí wọ́n jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ kéré sí i lọ́jọ́ orí: ọ̀kan ti kàwé nípa òkúta, ọ̀kan ti ń ta jìtá tẹ́lẹ̀, wọ́n sì máa ń wá bá a kí ó tó di ìdánwò. Ibi tí wàhálà ti dé ni ibi iṣẹ́. Ní wọ́ọ̀dù kan tó ti lọ kọ́ṣẹ́ ṣáájú tiwa, ó fìdí rẹmi. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́, oògùn tó bá kà kì í ṣì, ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, a kì í rí Lorna mọ́. Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe níbòmíràn. Ọ̀dọ̀ mi ni "ibòmíràn" náà. Bó bá tún yẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ó parí nìyẹn, kò ní di nọ́ọ̀sì láéláé. Òfin ilé ẹ̀kọ́ wọn ni, kì í ṣe tèmi.

Kí n má purọ́, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì pé tí mo ti ń fẹ́ràn rẹ̀. Ó máa ń fi ọwọ́ tọ́ omi wò kó tó fi kan ara aláìsàn. Tó bá ń yí arúgbó padà lórí bẹ́ẹ̀dì, á kọ́kọ́ sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un, bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Àwọn kan wà tí a ò lè kọ́ ní ìyẹn, bí a fi ogún ọdún kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ẹkún. Bí ojú ẹnì kan bá ṣe ń pọ́n báyìí, Lorna á ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín po tíì díẹ̀," yóò sì ti dé yàrá ìdáná. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, àwa òyìnbó. Bí ilé bá jó, a ó gbé kẹ́tùrù kaná. Bí wọ́n bá bímọ, kẹ́tùrù. Bí ẹnì kan bá kú, kẹ́tùrù. Èmi pàápàá kì í la ojú dáadáa láìmu tíì. Kò sì sí ẹni tó lè bá ẹni tó ń po tíì wí, torí iṣẹ́ àánú ló ń ṣe. Nítorí náà kò sí ibi ìsápamọ́ tó dára tó ìdí kẹ́tùrù ní gbogbo ilẹ̀ England.

Bàbá Cuthbert Rutter wà ní bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi títí wọ́n fi tì í pa. Àrùn rọpárọsẹ̀ gba apá ọ̀tún rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀, ó sì ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́ débi pé kò lè gbé omi lásán mì. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ mu, àfi ká fi ìyẹ̀fun kan sí i kó ki bí ẹ̀kọ mímu, kó má bàa gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. A lẹ àkọlé gàdàgbà sókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bàbá kórìíra tíì kíki yẹn. Tí a bá gbé e wá, á wò ó, á wò wá, á sì yí ojú sí òkun.

Ìyàwó rẹ̀ a máa wá lójoojúmọ́, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń wọ kóòtù aláwọ̀ ewé, tó sì máa ń kí gbogbo bẹ́ẹ̀dì kó tó dé ti ọkọ rẹ̀. Cuddy ló ń pe ọkọ rẹ̀, àwa sì ń pe òun ní Màmá. Tí a bá bi í pé báwo ni, á ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ẹ má da ara yín láàmú nítorí mi."

Lọ́jọ́ kan ó ń gé èékánná Bàbá, Bàbá fẹ́ sọ nǹkan kan fún un, ohùn kan tí kò ní ìtumọ̀ ló jáde. Bàbá tún gbìyànjú, ohùn kan náà ni. Màmá gbé ohun tó fi ń gé èékánná kalẹ̀, ó bú sẹ́kún. Lorna ló wà nítòsí. Ó sáré lọ po tíì olómi lásán, oní mílíìkì, ó gbé e kalẹ̀ fún Màmá lórí tábìlì bẹ́ẹ̀dì, ó sì sá jáde. Ibi tó gbé e sí, ọwọ́ òsì Bàbá tó o. Ọkùnrin tí kò tíì fi ẹnu kan tíì gidi láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wá, ẹ ti mọ ohun tó máa ṣe. Ó gbé ife, ó dà á sẹ́nu.

Mo gbọ́ igbe Màmá láti ọ́fíìsì. Ìgbà tí mo fi máa dé ibẹ̀, Lorna ti dé ṣáájú mi. Ojú Bàbá ti ń di aró. Lorna ti tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó ń gbá a lẹ́yìn, ó ń pariwo pè wá, ó sì ti na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó ń fa omi kúrò lọ́nà ọ̀fun. A fà á, Bàbá wúkọ́ títí, èémí rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ara rẹ̀ ti gbóná, dókítà sì ní tíì ti kan ẹ̀dọ̀fóró.

Mo pe Lorna sí ọ́fíìsì.

"Jókòó. Ta ló gbé tíì síwájú ọkùnrin tí kò lè gbé omi mì?"

"Èmi ni, Sístà."

"O ò rí àkọlé lókè bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ni?"

"Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀."

"Kí ló wá ṣe ọ́? Orí ẹ pé?"

Ó wò mí lójú. "Màmá ń sunkún, mi ò mọ ohun tí màá sọ. Mo gbé ife síbi tọ́wọ́ mi bá kí n lè tètè kúrò níbẹ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà, mo sì ti sọ fún Màmá."

Ìjà tí mo ti gbé wá tú mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti sọ gbogbo ẹjọ́ ara rẹ̀ tán, kí la fẹ́ tún rò mọ́ ọn? Mo bi í pé kí ni Màmá wí.

"Ó ní ó pẹ́ tí Cuddy ti ń jí tíì òun mu." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. "Sístà, níbi ìwé, tẹ́nì kan bá wá pẹ̀lú ìṣòro, màá fún un ní ìwé, tàbí kí n fún un ní tíì. Kò sí ìwé níbí."

"Gbọ́ mi," mo ní. "Mi ò ní lé ọ lónìí, torí pé o padà sáré wọlé, o sì sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìsinsìnyí lọ, ọwọ́ ẹ ò gbọdọ̀ kan kẹ́tùrù ní wọ́ọ̀dù yìí. Tẹ́nì kan bá ń sunkún, fa àga, jókòó."

"Kí n wá sọ kí ni?"

"Tó o bá mọ̀ ọ́n, sọ ọ́. Tó ò bá mọ̀ ọ́n, panu ẹ dé. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ dìde. Tó o bá tún sá lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò ní lè sọ fún ilé ẹ̀kọ́ yín pé o yege, o sì mọ ohun tíyẹn jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ilé ìwòsàn. Dougie tó máa ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kiri yọjú sí wa, ó ní, "Lorna, wọ́n ní wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé láísẹ́ǹsì kẹ́tùrù ẹ. Àbí o mutí yó kó o tó dé ìdí ẹ̀ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Lorna náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Níbi tí ẹ bá ti rí àgbàlagbà obìnrin tó ní láti bẹ ẹlòmíràn pé kó bá òun po tíì fún àlejò, ẹ mọ̀ pé ìyà ńlá ni.

Bó ṣe kọ́kọ́ ń jókòó kò dára rárá. Á jókòó bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, á gbé ọwọ́ sórí orúnkún, á mú un kúrò. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ òkun àti òjò. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn aláìsàn wa ní kó jọ̀ọ́, òun mọ̀ pé òjò ń rọ̀. Ó wá bá mi ní yàrá ìdáná, ó ní, "Sístà, mi ò ní lè ṣe é." Mo ní, "Kí lo wá wá níbi kẹ́tùrù?" Ó padà lọ.

Díẹ̀díẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n. N kò lè sọ ìgbà tó yí padà gan-an. Mo kàn rí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú Bàbá Rutter, tí ibà ti fi sílẹ̀ nígbà náà, àwọn méjèèjì ń wo àwọn ẹyẹ òkun tó ń jà sí búrẹ́dì lórí ògiri ìta, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ó sì dà bíi pé wọ́n ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Lórí tábìlì, ife tíì kíki Bàbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọjọ́ dé tí a ní láti sọ ohun tó kù fún Màmá. Ọ̀gá dókítà wá, èmi náà wá, Lorna sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. Dókítà ní ẹ̀mí Bàbá kò sí nínú ewu mọ́, ṣùgbọ́n kò ní rìn mọ́. Ó lè lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, tàbí kó lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé ènìyàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹnì kan máa tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru.

"Kò burú," ni Màmá wí. "Màá gbé Cuddy lọ sílé. A máa rọ́gbọ́n dá sí i."

Ara tu gbogbo wa. Dókítà dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní akíkanjú obìnrin ni. Èmi náà dìde, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín wá tíì." Ó ní ẹ ṣeun, Sístà. Gbogbo wa jáde. Lorna nìkan ló kù lórí àga.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, Lorna ló sọ ọ́ fún mi, Màmá sì sọ tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnu wọn kò yàtọ̀. Lorna ní òun ò rí nǹkan kan sọ. Wọ́n gbọ́ bí kẹ̀kẹ́ oúnjẹ ṣe ń dún lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá fa bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀, ó ní, "O lè máa lọ, ọmọ mi, iṣẹ́ pọ̀ níwájú ẹ." Lorna ní, "Mi ò níbi tí mò ń lọ, Màmá." Lorna ní ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e le débi pé ẹsẹ̀ òun ti ń dìde fúnra rẹ̀, òun sì fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú.

Nígbà náà ni Màmá ní, "Mi ò lè gbé e."

"Bàbá?"

"Mi ò lè gbé àpò ọ̀dùnkún pàápàá. Mi ò tíì sùn ní yàrá òkè láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá síbí. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn dé ìdajì, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan jókòó lé mi láyà. Á gba apá yìí wá." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún pa apá òsì rẹ̀. "Lónìí, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí mo ti bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì."

"Ṣé ó ń ṣe yín báyìí?"

"Díẹ̀ ni."

"Ta lẹ sọ fún?"

"Ta ni kí n sọ fún? Ẹ̀ ń sá sókè sódò. Cuddy ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe èmi. Mi ò fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu."

Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn bàbá ẹ̀yin Yorùbá ló pa òwe yẹn, ṣùgbọ́n ìlú wa ló bá mu jù, torí ibí la ti ń kọ́ ọmọ láti kékeré pé kó má yọ ará ilé lẹ́nu.

Lorna kò sá jáde láti wá mi. Ó di ọwọ́ Màmá mú, ó fi ọwọ́ kejì tẹ aago tí wọ́n fi ń pe nọ́ọ̀sì lára ògiri, kò sì gbé ìka kúrò lórí rẹ̀. Nígbà tí mo yọ pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, ó ní, "Sístà, àyà ń dun Màmá, ó sì ń gba apá òsì. Ó ti ń ṣe wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan." Ohùn rẹ̀ tutù. Mo gbé tíì náà kalẹ̀, mo sì pariwo pe àwọn yòókù.

A fi ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn yẹ Màmá wò lórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo tó kọjú sí ti ọkọ rẹ̀. Dókítà wo ìwé tó jáde, kò sì ṣe àwàdà kankan. Ọkọ̀ gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n ti nǹkan tín-ín-rín gba inú iṣan ọwọ́ rẹ̀ dé ọkàn, wọ́n sì la ibi tó ti fẹ́ dí pátápátá. Wọ́n ní ká ní ó gun àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, ó ṣeé ṣe kó má sọ̀ kalẹ̀ mọ́.

Bàbá Rutter ń wo ẹnu ọ̀nà. Kò jẹun, ó sì ń lu irin bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọwọ́ tó kù fún un. Lorna fa àga, ó jókòó níbi tí Bàbá ti lè rí ojú rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò bu iyọ̀ sí i, kò sì yọ nǹkan kan kúrò: ọkàn Màmá ń ṣàìsàn, wọ́n ti tún un ṣe, ó ń bọ̀. Omijé Bàbá ń dà. Lorna kò dìde. Mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì, mo sì sunkún díẹ̀ fún ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Dougie fi kẹ̀kẹ́ ti Màmá wọlé. Ojú rẹ̀ ti rọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Bàbá na ọwọ́ òsì sí i, ó sì la ẹnu, ohùn kan náà tó máa ń jáde ló jáde. Màmá ní, "Mo gbọ́, mo gbọ́. Ìwọ ńkọ́, ta ló ń fá irùngbọ̀n ẹ báyìí? Ó burú gan-an." Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ níwájú dókítà àti gbogbo wa pé òun ò lè tọ́jú ọkọ òun nílé, ó sunkún sí i, ilẹ̀ kò sì lanu. A rí àyè fún Bàbá ní ilé ìtọ́jú kan ní òpópónà kejì sí tiwọn, tó jẹ́ pé òkun ló kọjú sí.

Kí Màmá tó lọ, ó fà mí mọ́ra. "Sístà, tíì yín dára gan-an ni o," ó ní. "Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ni ẹnì kan máa ń gbé ife kan fún mi."

Nígbà tí àkókò Lorna pé lọ́dọ̀ wa, mo pè é sí ọ́fíìsì, mo sì sọ fún un pé ó yege, pé mo ti fi èsì ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, àti pé tó bá fẹ́ wọ aṣọ búlúù àwọn nọ́ọ̀sì tó gboyè ní wọ́ọ̀dù mi, kó tètè kọ̀wé kí n tó mú ẹlòmíràn. Mo rò pé ó máa fò sókè. Ó jókòó jẹ́ẹ́.

"Sístà, tí Bàbá bá ti kú níjọ́ tíì yẹn ńkọ́?"

Mo fẹ́ sọ pé kò kú ṣá. Mo fẹ́ sọ pé kó gbàgbé. Mo ro ó, mo wá ní, "Wàá máa gbé e kiri lọ́kàn títí ayé, wàá sì tún ní láti wá síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kò sí ọ̀nà mìíràn nínú iṣẹ́ yìí."

Ó mi orí. Ó ń nu ojú nígbà tí aago bẹ́ẹ̀dì kan dún, tí a sì gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sunkún lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ti ń dìde.

"Ẹ jókòó, Sístà," ni Lorna wí. "Mo ti ń lọ."